Òdo Kan

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé, àwọn mẹ́ta:
èyí tó gbé fáìlì, èyí tó gbé téèpù ìwọnlẹ̀,
èyí tí kò gbé nǹkan kan tí ó sì ń pàṣẹ.
Wọ́n ka ilẹ̀kùn. Wọ́n ka bẹ́ẹ̀dì.
Wọ́n bi mí pé fèrèsé mélòó ló kọjú sí ọ̀sà,
bí ẹni pé afẹ́fẹ́ Àgbádárìgì náà ní owó orí tirẹ̀.

Yàrá méjì péré ni, lẹ́yìnkùlé.
Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba fi ọdún mẹ́fà rò wò kí wọ́n tó san
ni mo fi kan òrùlé rẹ̀.
Àlejò ń wá sùn níbẹ̀, òru kan, òru mẹ́ta:
tọkọtaya tuntun láti Ìbàdàn,
oníṣòwò Kútọnù tí wọ́n ti ẹnubodè mọ́ lójú,
akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ya àwòrán òkun
tó gbàgbé sálúbàtà rẹ̀, ẹsẹ̀ kan.
Ẹgbàárùn-ún náírà lóru. Omi gbígbóná wà. Tíì wà.
Iná, bí wọ́n bá mú un wá.

Nígbà ayé ìyá mi, ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú sí lọ́nà Ajárá
yóò kan ilẹ̀kùn, yóò jẹun, yóò sùn,
ìdúpẹ́ òwúrọ̀ ni owó ilé.
Èmi gba owó. N kò purọ́.
Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ àlejò,
kí ló fẹ́ wí nígbà tí ìlú bá nawọ́ sí òun náà?

Wọ́n kà á sí mi létí:
ìwé àṣẹ, kí n gbé e kọ́ ara ògiri.
Ẹ̀rọ apaná, kí ó pupa, kí ó sì kún.
Ìwé orúkọ àlejò, kí n máa kọ ọ́ lálaalẹ́.
Owó pátákó. N kò ní pátákó.
Wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan kọ́, kí n lè san owó rẹ̀.

Ẹni tó gbé fáìlì kò gbójú sókè wò mí.
Ìgbà tó fi eyín há ìdí bírò ni mo dá a mọ̀:
Mautin, ọmọ Hunpe tó ń gbẹ́ ọkọ̀,
ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kíláàsì karùn-ún,
tí ìṣirò ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja.
Mo ti nà án rí nítorí òdo.
“Ẹ kú ilé, Tíṣà,” ó sọ ọ́ sínú fáìlì.

Ó ṣírò. Ogójì òru ni mo ti gbà láti oṣù Ṣẹẹrẹ,
ogún ọ̀kẹ́ náírà gbáko;
nínú ogún, ìlú fẹ́ ẹyọ kan.
Ó kọ ọ́, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe kọ́ ọ:
ẹgbàá.

Ẹgbàá!
Ọ̀gá rẹ̀ ń wo fóònù. Onítéèpù ń wo igi àgbọn.
Adìẹ mi kan kọjá láàárín wa, kò sọ nǹkan kan.
Mo rò ó. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín, mo rò ó dáadáa:
páànù tó ń jò, gáàsì tó tún gbówó lórí,
ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi jẹ mí ní gbèsè
tí ẹnikẹ́ni kò lọ ka ilẹ̀kùn ilé ìjọba.
Kí n ṣáà wí pé ẹ ṣeun, kí n ti géètì.

Ọwọ́ mi ti wọ àpò kí ọkàn mi tó parí ọ̀rọ̀.
Bírò pupa. Ó ṣì wà níbẹ̀, láti ọdún yìí wá.
“Mautin, òdo kan sọnù.”
Mo fi sí i. Ẹgbàá di ọ̀kẹ́ kan lójú gbogbo wa.
Ọ̀gá gbójú kúrò lára fóònù.
Ọmọ náà fọwọ́ pa etí, bí ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á.

Mo san án. Ó dùn mí títí di alẹ́,
mo bú ara mi ní Ègùn, mo bú ara mi ní Yorùbá.

Aago mẹ́wàá, ẹnìkan ń kan géètì:
obìnrin kan, ọmọ sùn sí i léjìká,
bọ́ọ̀sì wọn ti kú lọ́nà Sẹ̀mẹ̀.
Ó ń ka owó lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì mi, ó tún un kà.
Mo ní kó kọ́kọ́ gbé ọmọ wọlé.
Mo ṣí ìwé orúkọ àlejò, ojú ewé àkọ́kọ́.
Níbi iye owó
mo kọ òdo.